Ẹsẹ̀ Òkúta Ni Kí Ẹ Wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Mo ka lẹ́tà tí ẹ gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nípa Stonehenge, agbo òkúta àtijọ́ ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú lẹ́tà náà, ẹni tó kọ ọ́ sọ pé àwọn òmìrán ló gbé òkúta wọ̀nyẹn nàró, pé agbára ọmọ aráyé kò lè ká a, àti pé ẹni tó bá ti rí fọ́tò rẹ̀ ti rí gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń ti Èkó wọ bàálù lọ sí Ìlú Ọba nígbà hólídè, tí wọ́n sì ń sanwó wọ ibẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti wà lọ́kàn wọn, orí òkúta ni wọn yóò máa wò, wọn yóò ya fọ́tò ara wọn, wọn yóò sì padà sílé láìrí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ òkúta ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí òkúta kankan tó dé ibẹ̀, yàrà ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́, ní nǹkan bí ọdún 3000 kí wọ́n tó bí Jésù. Yàrà náà yí po bí òrùka, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 110 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe iyanrìn bíi tiwa ní Èkó; ẹfun ni, funfun báláú, ó sì le. Irin kò tíì dé ayé wọn. Ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n fi ń wú ẹfun náà bí a ṣe ń fi díígà wú ilẹ̀, ó sì jọ pé eegun èjìká màlúù ni wọ́n fi ń kó o bíi ṣọ́bìrì. Wọ́n fi ìwo púpọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ yàrà, àwọn ìwo yẹn ló sì ń sọ ọjọ́ orí ibẹ̀ fún wa lónìí. Ohun gbogbo tó bá ti ní ẹ̀mí rí ní irú kábọ̀n kan nínú ara rẹ̀, tó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ikú ní ìwọ̀n tí kì í yí padà. Bí wọ́n bá wọn èyí tó ṣẹ́ kù, wọn yóò mọ ìgbà tí ẹran náà kú. Òkúta kò kú rí, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè gé lára rẹ̀ kí a fi kábọ̀n mọ ìgbà tí wọ́n rì í. Ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ehoro máa ń gbẹ́ ihò káàkiri pápá náà, ó sì lè fa eegun àná wọnú ihò àtijọ́. Àwọn ènìyàn náà ti da ilẹ̀ ibẹ̀ rú: ní nǹkan bí ọdún 1620, Dúkì Buckingham ní kí wọ́n wú ihò ńlá sí àárín agbo òkúta náà. Ẹni tó bá rí ìwo kan ṣoṣo nínú irú ihò bẹ́ẹ̀, tó sì sáré kéde ọdún, yóò ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń wá ìwo tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ.

Oríṣi òkúta méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn gbàǹgbà tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n ń pè ní sarsen. Ní nǹkan bí ọdún 2500 kí wọ́n tó bí Jésù ni wọ́n gbé wọn nàró. Iyanrìn tó dì ni sarsen, ó sì le bí irin. Bí a bá pín ìwọ̀n wọn dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó tọ́ọ̀nù 25. Ẹ wo tipà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá tó ru iyanrìn kún lórí Third Mainland. Ní 2020 ni wọ́n tó mọ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá: igbó kan tó ń jẹ́ West Woods, lẹ́bàá Marlborough, nǹkan bíi kìlómítà 25 sí ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n yẹ ní gbígbọ́. Ní 1958, nígbà tí wọ́n ń tún àwọn òkúta kan tó ti ṣubú gbé dìde, wọ́n fi ẹ̀rọ lu ihò sára ọ̀kan nínú wọn kí wọ́n lè fi irin dè é. Òkúta gbọọrọ bí ọ̀pá jáde nínú ihò náà, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ sì mú un lọ sílé. Ó fi pamọ́ fún 60 ọdún kó tó dá a padà. Ara ọ̀pá òkúta yẹn ni wọ́n ti yẹ ohun tó para pọ̀ di sarsen wò fínnífínní, wọ́n sì fi wé òkúta ibi 20 ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà. West Woods ló bá a mu.

Àwọn kékeré, bluestone, wúwo tó tọ́ọ̀nù 2 sí 5. Orí òkè Preseli ní ìwọ̀-oòrùn Wélsì ni wọ́n ti wá, ó lé ní kìlómítà 220, bí ẹni tó gbéra ní Èkó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Èyí tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu jù ni òkúta tọ́ọ̀nù 6 tó dùbúlẹ̀ láàárín, Altar Stone. Gbogbo wa ti gbà tipẹ́ pé ará Wélsì lòun náà. Ní 2024, àwọn onímọ̀ wọn ọjọ́ orí àwọn hóró wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àríwá ìlà-oòrùn Scotland ló ti wá, ó kéré tán kìlómítà 750. Ẹ gba títì láti Èkó dé Abuja, ẹ ti rìn ín.

Wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmìrán. Ní 2016, ní University College London, wọ́n kan pákó kan bí ọmọlanke tí kò ní táyà, wọ́n gbé òkúta tọ́ọ̀nù kan lé e, wọ́n to igi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ojú irin rélùwéè. Ènìyàn 10 péré ló fà á, ó sì ń lọ wẹ́rẹ́. Àwọn tó dán omi wò kò ríbi gbé e gbà: ní 2000, wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ gbé bluestone tọ́ọ̀nù 3 láti Wélsì, òkúta náà rì sínú òkun nítòsí Milford Haven.

Wàyí o, bí òkúta bá dé, báwo ni yóò ṣe dìde? Wọ́n á gbẹ́ ihò. Ẹ̀gbẹ́ kan ihò náà á dúró ṣánṣán, ìkejì á dà gẹ̀ẹ́rẹ́ bí ibi tí mọ́tò ń gbà wọ gáréèjì. Wọ́n á to òpó igi sí ẹ̀gbẹ́ tó dúró ṣánṣán, kí ẹsẹ̀ òkúta má bàa wó ẹfun lulẹ̀ nígbà tó bá ń yọ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa òkúta wá sí ẹnu ibi tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ á yọ́ bọ́ sínú ihò, á fara ti àwọn òpó igi, orí rẹ̀ á ṣì wà ní dídà sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n so igi gígùn méjì pọ̀ lórí, kí wọ́n gbé okùn gba orí igi náà kí fífà lè rọrùn, kí èrò sì máa fà á títí yóò fi nàró. Iṣẹ́ kò tíì parí o. Wàràwàrà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ki ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, ẹfun, àti àfọ́kù òòlù òkúta tí wọ́n ti fi gbẹ́ ẹ. Àwọn tó ń wú ilẹ̀ lóde òní ti rí gbogbo èyí lójú ihò: ibi tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, ojú òpó igi, àwọn òkúta ìkì. Ẹ̀rí wà nílẹ̀.

Bí wọn kò bá rì í dáadáa, ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Nínú agbo ńlá, òkúta méjìméjì márùn-ún ló wà rí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ru líntẹ́ẹ̀lì lórí. Nínú àwọn méjì tó ga jù, òkúta tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 56 ga ju mítà 6 lọ lókè ilẹ̀, mítà 2.4 rẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀. Èkejì rẹ̀, òkúta 55, kúrú jù ú lọ. Kí orí àwọn méjèèjì lè dọ́gba fún líntẹ́ẹ̀lì, nǹkan bíi mítà 1.2 péré ni wọ́n rì í, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní rìbìtì bí ẹsẹ̀ erin kó lè gbé e ró. Kò gbé e ró. Ó ṣubú, ó kán sí méjì, ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí títí dòní. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó rì jìn ni ó dúró, òun náà sì ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí William Gowland tó mú un tọ́ ní 1901, tó sì fi kọnkéré dè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti rì òpó iná rí kò nílò àlàyé mìíràn.

Àwọn bíríkìlà wa yóò fẹ́ràn ibi tí líntẹ́ẹ̀lì ti jókòó, àmọ́ iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Òkúta 30 ló yẹ kó wà nínú agbo ńlá náà, ó ga ju mítà 4 lọ, 17 ṣì wà ní ìdúró. Kókó kan yọ sókè lórí òkúta ìdúró, ihò tó bá a mu sì wà lábẹ́ líntẹ́ẹ̀lì, bí a ṣe ń kan férémù ilẹ̀kùn. Líntẹ́ẹ̀lì kan sì fi ahọ́n wọ ẹnu ìkejì. Ara igi ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbé e dé ara òkúta. Wọ́n tẹ líntẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan díẹ̀ kó lè bá agbo yí po, òkúta sì ni wọ́n fi gbẹ́ òkúta: òòlù tó kéré bí ọsàn, àti èyí tó tóbi bí orí ọmọdé, tí wọ́n fi ń lu ojú rẹ̀ títí yóò fi di ìyẹ̀fun.

Àwọn kan tún ń sọ pé àwọn Druid, àlùfáà ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà láyé àtijọ́, ló kọ́ ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ̀rọ̀ wọn kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Júlíọ́sì Késárì ń kọ nípa wọn, àwọn òkúta náà ti lé ní 2000 ọdún lórí ìdúró. Merlin oṣó tí wọ́n ń dárúkọ jẹ́ ìtàn tí wọ́n hun ní ọ̀rúndún kejìlá. Àwọn tó kọ́ ibẹ̀ kò fi orúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn wà. Ní Durrington Walls, nǹkan bíi kìlómítà 3 sí ibẹ̀, wọ́n wú ilé wọn jáde, wọ́n sì bá eegun ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ náà kò ju ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lọ: wọ́n bí wọn nígbà tí òtútù ń lọ, wọ́n pa wọ́n nígbà tí òtútù mú jù. Ẹ fi èyí wé ọ̀nà tí Stonehenge kọjú sí. Lápá kan, oòrùn ń yọ lójú rẹ̀ ní ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà. Lódì kejì, ó ń wọ̀ lójú rẹ̀ ní ọjọ́ tó kúrú jù, nínú oṣù kejìlá. Èrò ń rọ́ lọ wo yíyọ oòrùn oṣù kẹfà. Èmi gbà pé wíwọ̀ oòrùn oṣù kejìlá ló ṣe pàtàkì sí àwọn tó kọ́ ọ, nítorí ibẹ̀ ni eegun ẹlẹ́dẹ̀ tọ́ka sí.

Koríko pàápàá ń jẹ́rìí. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2013, rọ́bà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bomi rin ilẹ̀ kò gùn dé apá kan agbo náà. Koríko apá ibẹ̀ gbẹ, àmọ́ kò gbẹ dọ́gba; ojú ibi tí òkúta ti wà rí yàtọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn bóyá agbo sarsen náà parí rí tàbí kò parí, nítorí apá kan rẹ̀ ṣófo. Àbàwọ́n yẹn jáde gan-an níbi tí ó yẹ kí àwọn òkúta tó kù wà.

Ẹ̀yin tó ń gbéra láti Èkó, bí ẹ ó ṣe lọ nìyí. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Waterloo ní London lọ sí Salisbury máa ń lo nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀, bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò sì wà láti ibẹ̀ lọ sí Stonehenge. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, nítorí wákàtí ni wọ́n pín in sí. Láti ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, òkúta ṣì tó kìlómítà 2. Bọ́ọ̀sì wà, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá gbé yín, ẹ rìn. Ẹ ó la Cursus kọjá, ilẹ̀ gbọọrọ tí wọ́n fi yàrà yí ká, nǹkan bíi kìlómítà 3 ní gígùn, tó ti wà kí òkúta tó dé. Àwọn tó wọ bọ́ọ̀sì kì í rí i. Tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ kì í mú èèyàn wọ àárín agbo; láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti nà okùn yí i ká, nítorí ẹsẹ̀ èrò ti ń jẹ ilẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn wà fún èrò díẹ̀ ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Òun ni kí ẹ rà bí owó bá gbé e, ó sì máa ń tètè tán.

Kì í ṣe torí èrò nìkan ni mo ṣe ní kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán máa ń pa gbogbo àmì rẹ́ lára òkúta. Ní 1953, Richard Atkinson, onímọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ń dúró de ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kó lè ya fọ́tò lẹ́tà tí ẹnì kan gbẹ́ sára òkúta. Bí oòrùn ṣe gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó rí àwòrán ọ̀bẹ àti àáké tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí láti ìgbà tí èrò ti ń kọjá níwájú rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya gbogbo ara òkúta lẹ́yìn náà, àwòrán àáké tí a mọ̀ níbẹ̀ sì di 115.

Bí ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ ní, ẹ fi Stonehenge sílẹ̀, Avebury ni kí ẹ lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Paddington lọ sí Swindon, nǹkan bíi wákàtí kan, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì 49 níbẹ̀. Kò sí owó ẹnu ọ̀nà nínú agbo náà, ọwọ́ yín yóò sì kan òkúta. Òun ni agbo òkúta tó tóbi jù láyé, ó lé ní mítà 330 láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Abúlé kan jókòó sínú rẹ̀. Yàrà rẹ̀ jìn tó mítà 9 nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, erùpẹ̀ sì ti dí nǹkan bí ìdajì. Ẹ dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ wòkè, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ ìwo àgbọ̀nrín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Òkúta bí 100 ló wà ní agbo ìta rí. Ibi tí ẹ bá ti rí kọnkéré kúkúrú, Alexander Keiller, onímọ̀ tó wú ilẹ̀ ibẹ̀, ló fi í síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 láti fi ṣe àmì òkúta tó ti lọ. Níbo ni wọ́n lọ? Ní ayé ọba àtijọ́, wọ́n wú ilẹ̀, wọ́n sì sin àwọn kan mọ́lẹ̀. Ní 1938, Keiller bá egungun ọkùnrin kan lábẹ́ òkúta pẹ̀lú owó ọ̀rúndún kẹrìnlá àti sísọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ fi kọ́lé. Wọ́n á gbé òkúta sínú kòtò, wọ́n á fi koríko dáná sí i títí yóò fi gbóná janjan, wọ́n á da omi tútù sí i, wọ́n á sì fi òòlù lù ú bó ṣe ń sán. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé abúlé náà, òkúta ọ̀hún wà níbẹ̀.

Nínú àpò yín, ẹ fi máàpù Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ máàpù ìjọba Ìlú Ọba, sí i, oríṣi tí wọ́n ń pè ní Explorer: nọ́ńbà 157 fún Avebury, 130 fún Stonehenge. Lẹ́tà tó rí bíi ti Bíbélì àtijọ́ ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sórí rẹ̀, nítorí náà ẹ ó mọ̀ ọ́n láàárín orúkọ abúlé. Ẹ wọ bàtà tí omi kò lè wọ̀, kódà nínú oṣù kẹfà. Ilẹ̀kùn pápá tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tún un tì, àgùntàn wà níbẹ̀. Ẹ má gun Silbury Hill, òkìtì tó ga ju mítà 30 lọ tí wọ́n fi ọwọ́ mọ lẹ́bàá Avebury. Òfin kò gbà á, gígùn náà sì ń ba á jẹ́. Mo sì fi ọ̀wọ̀ bẹ àwọn onígbàgbọ́ wa: ẹ má da òróró àdúrà sára òkúta, ẹ má sì tan àbẹ́là sí i lẹ́sẹ̀. Ohun aláwọ̀ eérú àti pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń hù lára rẹ̀ ní ẹ̀mí, ó sì máa ń pẹ́ gan-an kó tó hù. Iná àti òróró ń pa á.

Èyí tó kù pọ̀: Castlerigg láàárín àwọn òkè Cumbria, Calanais ní erékùṣù Lewis, Ring of Brodgar ní Orkney, àti òkúta Rudston ní Yorkshire, tó ga ju mítà 7 lọ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ti rí méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní jókòó.

Wọn kò kàn bá àwọn òkúta náà ní ìpamọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sí apá kan Avebury, aṣòfin kan, John Lubbock, sì fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀ náà. Òun náà ló tì í títí òfin àkọ́kọ́ lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fi jáde ní 1882. Ọ̀gágun Pitt-Rivers ni wọ́n fi ṣe alábòójútó àkọ́kọ́. Ó dùn mí dọ́kàn pé ọkùnrin kan náà yìí ló ra púpọ̀ nínú idẹ tí wọ́n kó ní Benin ní 1897.

A ní tiwa lẹ́bàá ilé. Erédò Sùngbọ́, yàrà àti òkìtì àtijọ́, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160 yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, apá rẹ̀ kan wà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì ga tó mítà 20 níbò míràn láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì. Kí ẹ tó náwó bàálù, ẹ kọ́ ojú yín níbẹ̀. Ẹ lọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí òjò máa ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ̀. Ẹ kí baálẹ̀ abúlé kí ẹ tó wọlé, kí ẹ mú ẹni tó mọ ọ̀nà dání, kí ẹ wọ bàtà gígùn nítorí ejò. Ẹ so kókó sára okùn ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan dúró lórí òkìtì, kí ẹnì kejì fa okùn dé ìsàlẹ̀. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí àti ọjọ́ rẹ̀, nítorí níbi tí katakata bá ti gé e lọ́la, àkọsílẹ̀ yẹn nìkan ni yóò kù.

Olóòtú wa, bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò sí abẹ́ lẹ́tà yìí, ẹ má fi ti àwọn líntẹ́ẹ̀lì lókè. Ẹ wá èyí tó fi òkúta 55 hàn níbi tó kán sí, kí ìdí rẹ̀ tó rí rìbìtì hàn dáadáa.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Surulérè, Èkó